Omi ló gbé wúrà náà wá, kì í ṣe iná

Ìròyìn yín dùn mọ́ mi, àfi ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé wúrà yọ́ nínú òkè oníná, tó sì ṣàn wọ inú àpáta. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Omi abẹ́ ilẹ̀ tí ooru òkè náà mú gbóná, tó lè tó 300°C, ló ń gbé wúrà àti fàdákà tó ti yòrò sínú rẹ̀ gba ojú sísán àpáta gòkè. Bó ṣe ń sún mọ́ ojú ilẹ̀, ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á dínkù, omi á hó, èéfín imí ọjọ́ tó so wúrà mọ́ omi á sá lọ, wúrà á sì jábọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú quartz, irú òkúta líle kan tó sábà máa ń funfun.

Ẹ fi ojú ara yín wo irú òkúta bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gé sí méjì: ìlà funfun, ìlà eérú, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí fàdákà wà nínú rẹ̀, wọ́n tò léra wọn. Bí omi ṣe ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fi ìlà tirẹ̀ sílẹ̀. Irú rẹ̀ ni ti Hishikari, ibi ìwakùsà wúrà kan ní Jàpáánì, níbi tí tọ́ọ̀nù òkúta kan ti ń mú wúrà tó tó nǹkan bíi gíráàmù 20, ohun tó ṣọ̀wọ́n gan-an! Ẹ bá wa tún gbólóhùn yẹn kọ, àwọn ọmọ iléèwé ń kà á.