Batman Kò Lè Na Superman, Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Òótọ́

Kò sí ìsọ̀ bábà kan ní Ìta-Ẹlẹ́wà, ní Ìkòròdú wa níbí, tí wọn kò tíì fa ọ̀rọ̀ yìí rí. Bí iná bá ti dé, tí fíìmù sì wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kan á ní, “Ọgbọ́n ju agbára lọ jàre! Batman mọ ìjà, á na Superman.” Gbogbo ìsọ̀ á hó yèè. Akọni inú kọ́míìkì ni àwọn méjèèjì: èèyàn lásán tó mọ ìjà ni Batman, Superman sì ni alágbára tí ọta ìbọn kì í ràn. Ẹ ṣáà jẹ́ n sọ tèmi: irọ́ ni.

Ìjà inú ìwé kọ́míìkì The Dark Knight Returns, ti ọdún 1986, ni wọ́n sábà máa ń fà yọ. Lóòótọ́, Batman lu Superman níbẹ̀. Àmọ́ ẹ lọ tún un kà. Bọ́ǹbù átọ́míìkì ti kọ́kọ́ tán Superman lókun. Batman gbé ẹ̀wù irin wọ̀. Green Arrow, tafàtafà tó ti di alápá kan, tún ta ọfà oní-kryptonite, ohun tó ń gba agbára Superman, sí i. Èwo ni ìjà mímọ̀ nínú ìyẹn? Ẹni tí wọ́n ti gba agbára ẹ̀ ni wọ́n ń lù.

Ti Muhammad Ali ló dùn mọ́ mi jù. Lọ́dún 1978, wọ́n pa òun àti Superman pọ̀ sínú ìwé kọ́míìkì kan, Ali sì lù ú bí ẹní lu bàrà. Ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń bá a dé. Wọn kì í sọ pé abẹ́ oòrùn pupa ni wọ́n ti jà, níbi tí agbára Superman kì í ti í ṣiṣẹ́. Èèyàn lásán ló bá ọ̀gá akànṣẹ́ wọ ríìngì. Bí agbára bá dọ́gba, ẹni tó mọ ìjà ló máa borí. Ta ló ń jiyàn ìyẹn?

Ẹ má sì gbé ti Kinshasa kò mí lójú. Mo mọ̀ pé, nínú ìjà gidi, Ali gbé George Foreman, akànṣẹ́ tí wọ́n ní ó lágbára jù ú lọ, ṣubú níbẹ̀ ní ipele kẹjọ lọ́dún 1974. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn 216 àti ààbọ̀ ni Ali wọ̀n, Foreman wọn 220. Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó máa mú akànṣẹ́ oní pọ́n-ùn 130 lọ bá Foreman, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n jà tó.

Ẹni tó mọ ìjà mọ ibi tó máa dun ọ̀tá ni: àgbọ̀n, ọ̀fun, oríkèé ọwọ́. Ẹni tí ọta ìbọn ń bà lára tó ń ta dànù, oríkèé wo lo fẹ́ lọ́ lára ẹ̀? Daredevil, akọni kọ́míìkì mìíràn, rí i lọ́dún 1965. Ọmọ akànṣẹ́ ni lọ́yà afọ́jú yìí, ó sì mọ ìjà dójú àmì. Nígbà tí Namor, alágbára ọba inú òkun, dé, ó kàn ń fọ́n Daredevil káàkiri ni. Namor yin ìgboyà ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Kí ló wá ń mú un dà bíi pé ìjà mímọ̀ ló ń borí nínú kọ́míìkì? (Yàtọ̀ sí pé ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lára èèpo ìwé kì í sábà fìdí rẹmi.) Àwọn alágbára ń fawọ́ sẹ́yìn ni. Spider-Man lè gbé tọ́ọ̀nù 10, síbẹ̀ àwọn ọ̀daràn ń gba ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀, wọ́n tún ń dìde. Ní ìparí ọdún 2012, Doctor Octopus, ọ̀tá Spider-Man, gba ara ẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń fi ṣe tiẹ̀. Ó bá Scorpion, ọ̀tá Spider-Man mìíràn, pàdé, ó fún un ní ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo. Àgbọ̀n Scorpion já kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ẹnu ya Octopus fúnra ẹ̀. Gbogbo ọdún tí Scorpion ti fi ń bá Spider-Man fà á, ọmọ náà ń ṣe é ní jẹ́jẹ́ ni.