Géèmù Kọ́ Ló Ń Sọ Ọmọ Di Apànìyàn

Bí ọ̀dọ́kùnrin kan bá ti yìnbọn pa èèyàn nílé ìwé ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ kì í ṣú lọ́jọ́ náà kí ẹnìkan tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n wí pé géèmù ló kọ́ ọ. Kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn á fi dé ọ̀dọ̀ wa. A ó máa fi ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp, wọ́n á mú un lò nínú ìwàásù, àwọn òbí á sì lọ já wáyà géèmù ọmọ wọn lára iná. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń mú kí òbí gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, ìgbàgbọ́ yìí sì ń ṣe ìpalára, torí ó ń gbé ojú wa kúrò níbi tí ikú ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Yunifásítì Virginia Tech yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2007, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Seung-Hui Cho pa èèyàn 32 níbẹ̀ kó tó pa ara rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn kan ti ń pariwo pé géèmù oníbọn ló fi kọ́ṣẹ́. Tim Kaine, tó jẹ́ gómìnà Virginia nígbà náà, gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà fínnífínní, ìjábọ̀ wọn sì jáde lóṣù kẹjọ. Kí ni wọ́n rí? Nígbà tí Cho wà ní kékeré, irú géèmù tó máa ń gbá ni Sonic the Hedgehog, ìyẹn ẹranko aláwọ̀ búlúù kan tó ń sáré kó òrùka wúrà kiri. Kò sí géèmù ogun nínú àwọn tó gbá. Nígbà tó dé yunifásítì, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kò rí i kó gbá géèmù kankan.

Ohun míì tí ìgbìmọ̀ náà rí ló yẹ kó gbà wá lóorun. Àìsàn ọpọlọ ti ń bá ọmọ yìí jà láti kékeré. Ní oṣù kejìlá ọdún 2005, adájọ́ kan ní Virginia sọ pé ó lè ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá, ó sì pàṣẹ kí ó máa ti ilé lọ gba ìtọ́jú. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí wọ́n ta ìbọn fún ẹni tí adájọ́ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Àmọ́ torí pé wọn kò dá a dúró sílé ìwòsàn, ìpínlẹ̀ Virginia kò fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí àwọn tó ń ta ìbọn ń yẹ̀ wò. Nígbà tó lọ ra ìbọn, wọ́n yẹ orúkọ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n tà á fún un. Ó tún padà lọ ra èkejì. Kaine pàṣẹ láàárín oṣù tí ìpànìyàn náà ṣẹlẹ̀ pé kí wọ́n máa fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2008, òfin tuntun jáde fún gbogbo Amẹ́ríkà lórí rẹ̀. Ká ní géèmù ni gbogbo wọn gbájú mọ́, ihò yẹn ì bá ṣì wà níbẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹnìkan lè sọ pé ti ẹnìkan ṣoṣo nìyẹn. Ó dáa. Secret Service, àwọn tó ń ṣọ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wọn, jọ yẹ ìkọlù ilé ìwé 37 tó wáyé láàárín ọdún 1974 sí 2000 wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn tó ṣe ìkọlù náà jẹ́ 41. Ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ìfẹ́ sí géèmù oníwà ipá. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé oníwà ipá jẹ́ ìdá 24, ti fíìmù jẹ́ 27. Èyí tó pọ̀ jù ni ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: ìdá 37 ló ti ń kọ ọ̀rọ̀ ìpànìyàn sínú ewì, sínú iṣẹ́ ilé ìwé tàbí sínú ìwé tó ń kọ fúnra rẹ̀. Nínú ìkọlù mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ó kéré tán, ẹnìkan ti gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń gbèrò kó tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni ìdá 68 nínú wọn rí ìbọn nínú ilé wọn tàbí nílé ìbátan. Ìwé tí ọmọ kọ, ọ̀rẹ́ tó gbọ́ tí kò sọ, ìbọn tí bàbá kò tì mọ́lé: gbogbo ìwọ̀nyí ló wà ní àrọ́wọ́tó àgbàlagbà.

Ibo wá ni àwọn tó ń sọ pé sáyẹ́ǹsì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ti rí i? Ó yẹ kí á wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò náà. Wọ́n á mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, wọ́n á ní kí apá kan gbá géèmù oníjà fún ìgbà díẹ̀, kí apá kejì gbá èyí tí kò ní ìjà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí oníkálùkù wọn tẹ bọ́tìnnì tó ń rán ariwo sínú íápíìsì ẹni tí wọ́n jọ ń díje, ẹni yẹn kò sì sí níbì kankan, kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tó bá jẹ́ kí ariwo pẹ́ díẹ̀ sí i, tàbí kó ròkè díẹ̀ sí i, ni wọ́n á kọ sílẹ̀ pé inú rẹ̀ le. Nínú irú ìdánwò míì, wọ́n á ní kí ó bu ata olómi fún àlejò kan tí wọ́n ti sọ fún un pé kì í jẹ ata, wọ́n á wá wọn ata náà lórí òṣùwọ̀n. Mi ò sọ pé ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò wúlò. Ó lè fi hàn pé ara ènìyàn máa ń gbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìdíje. Ṣùgbọ́n láti orí ata tó pọ̀ díẹ̀ dé orí ìbọn, ọ̀nà jìn, kò sì sí ìdánwò tó rin ọ̀nà yẹn já.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní APA, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń ká àwọn òbí láyà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn náà jáde láti là á yéni. Wọ́n ní ìbátan díẹ̀ wà láàárín géèmù oníwà ipá àti kí ọmọ máa jágbe tàbí kó máa ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó tó láti so géèmù mọ́ ìpànìyàn. Ní ọdún kan ṣáájú ìyẹn, àwọn olùwádìí méjì, Andrew Przybylski àti Netta Weinstein, ti wo ọmọ 1,004 tó jẹ́ ẹni ọdún 14 àti 15 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò gbára lé ẹnu ọmọ láti mọ bí ìjà inú géèmù ṣe pọ̀ tó. Òǹtẹ̀ ọjọ́ orí tó wà lára géèmù ni wọ́n lò. Àwọn òbí ni wọ́n sì bi nípa ìwà àwọn ọmọ náà. Wọ́n kọ bí wọn yóò ṣe yiiri ọ̀rọ̀ wò sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n yí i síbi tó wù wọ́n. Wọn kò rí ìbátan kankan láàárín àkókò tí ọmọ ń lò nídìí géèmù oníwà ipá àti ìwà jàgídíjàgan rẹ̀.

Ẹ tún rántí pé ọdún 1995 ni PlayStation dé Amẹ́ríkà. Iye ọmọdé tí ọlọ́pàá ń mú níbẹ̀ fún ìwà ipá ti dé góńgó ní 1994, ó sì fi ju ìdajì lọ wálẹ̀ kó tó di 2012, nígbà tí géèmù ń wọ ilé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé géèmù ló dín in kù. Ká ní ó ń sọ ọmọ di apànìyàn ni, ibẹ̀ ni ì bá ti hàn.

Lórí ọ̀rọ̀ títà, ìpínlẹ̀ California ló gbìyànjú jù. Ní 2005, aṣòfin Leland Yee gbé àbá kan wá, gómìnà Arnold Schwarzenegger sì buwọ́ lù ú: ẹnikẹ́ni tó bá ta géèmù oníwà ipá fún ọmọ tí kò tíì pé 18, tàbí tó yá a fún un, yóò san owó ìtanràn tó tó 1,000 dọ́là. Wọ́n tún ní kí wọ́n lẹ nọ́ńbà 18 ńlá mọ́ páálí rẹ̀ níwájú, kí ó fẹ̀ ní íǹṣì méjì ní ìbú àti òró. Àwọn tó ń ta géèmù pe ẹjọ́, òfin náà kò sì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, torí ilé ẹjọ́ dá a dúró kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé e, adájọ́ méje sí méjì.

Adájọ́ Antonin Scalia ló kọ ìdájọ́ náà. Ó ní òfin tó dáàbò bo ìwé àti fíìmù dáàbò bo géèmù pẹ̀lú, àti pé California fúnra rẹ̀ gbà pé òun kò lè fi hàn pé géèmù ló ń fa ìwà ipá. Ó mẹ́nu ba ìtàn àwọn ọmọ méjì tó ti àjẹ́ sínú ààrò nínú àwọn ìtàn tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm kó jọ ní Jámánì, èyí tí wọ́n ń kà fún ọmọdé kó tó sùn. (Àwa náà gbọ́ àlọ́ Olúrónbí tó fi ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ìrókò, a kọrin rẹ̀, a sì lọ sùn.) Kì í ṣe gbogbo àwọn adájọ́ náà lọ́kàn wọn balẹ̀. Samuel Alito àti John Roberts fara mọ́ kí wọ́n fagi lé òfin náà torí pé kò yé èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a má ṣe fojú di géèmù. Stephen Breyer àti Clarence Thomas ni kò fara mọ́ ọn rárá. Mo bọ̀wọ̀ fún àníyàn wọn.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsí òfin. Láti 1994 ni àwọn tó ń ṣe géèmù ti dá ESRB sílẹ̀ láti máa fi òǹtẹ̀ ọjọ́ orí sí i: E fún gbogbo èèyàn, T fún ọ̀dọ́, M fún ẹni ọdún 17 sókè. Nígbà náà, àjọ FTC ti ìjọba àpapọ̀, tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, máa ń rán ọmọ ọdún 13 sí 16 lọ sí ṣọ́ọ̀bù láìsí òbí lẹ́yìn wọn, láti wò ó bóyá wọ́n á ta M fún wọn. Ní ọdún 2000, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ náà ló rí i rà. Ní 2009, ó ti wálẹ̀ sí 20. Ìjábọ̀ 2011 sọ pé ó ku 13. Lọ́dún yẹn kan náà, ìdá 64 ló rí àwo orin tó ní ìkìlọ̀ fún òbí rà. Ṣọ́ọ̀bù géèmù ló tún le jù fún ọmọdé láti tàn jẹ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Láti oṣù keje ọdún 2012, òǹtẹ̀ PEGI, ìyẹn òǹtẹ̀ ọjọ́ orí tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, ti 12, 16 àti 18 ti di òfin níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni fún ṣọ́ọ̀bù láti tà á fún ọmọ tí kò tíì dé ọjọ́ orí náà. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní ohun tó ń wá nídìí géèmù tí wọ́n ti ń gé èèyàn lórí. Ó lè dá ẹ̀rù bà á, ó lè gba oorun lójú rẹ̀. Ìdí tó tó nìyẹn, kò dìgbà tí a bá sọ pé yóò di apànìyàn.

Ewu tó wà nídìí géèmù fún ọmọ wa wà níbòmíràn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, FTC mú kí Epic Games, tó ni Fortnite, gbà láti san 520 mílíọ̀nù dọ́là. Mílíọ̀nù 275 nínú rẹ̀ jẹ́ torí pé wọ́n gba ìsọfúnni àwọn ọmọdé láìbi òbí, wọ́n sì ṣí ìbánisọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí àlejò fi lè máa bá ọmọ sọ̀rọ̀. Mílíọ̀nù 245 tó kù jẹ́ owó tí wọ́n máa dá padà fún àwọn tí wọ́n fi bọ́tìnnì tàn sanwó, títí kan owó tí ọmọdé ná láìjẹ́ pé òbí mọ̀. Kò sí ìbọn kankan nínú ẹ̀sùn náà.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní PlayStation, Xbox tàbí Nintendo Switch, ẹ wọ ibi ètò àwọn òbí lórí rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ fi ọjọ́ orí ọmọ síbẹ̀, ẹ ti ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ rí pa, ẹ yọ nọ́ńbà káàdì báńkì yín kúrò, ẹ sì fi nọ́ńbà àṣírí tí ọmọ kò mọ̀ tì í.