Ta Ni Yóò Dí Kòtò Náà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi. Bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wa kùsà wúrà láìgba àṣẹ bá délẹ̀, iye ènìyàn tí ọlọ́pàá mú àti iye katakata tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé la máa ń gbọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kòtò ńkọ́? Wọ́n ti kó àwọn ọkùnrin náà lọ, kòtò ṣì la ẹnu sílẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ dúdú tó wà lókè, èyí tí gbogbo ohun ọ̀gbìn ń jẹ, ni wọ́n kọ́kọ́ ń hú dànù, nítorí kò sí wúrà nínú rẹ̀. Wọ́n á da amọ̀ lé e, wọ́n á da òkúta lé amọ̀, gbogbo rẹ̀ á wá pò pọ̀. Kódà bí ẹnìkan bá tì í padà sínú kòtò lọ́la, ilẹ̀ náà ò ní hu nǹkan gidi. Ilẹ̀ dúdú tó nípọn tó gígùn ìka kan, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kó tó kóra jọ. Ọ̀sán kan péré ni wọ́n fi bà á jẹ́. Èyí dùn mí ju wúrà tí wọ́n jí kó lọ.

Òjò rọ̀, kòtò di adágún, ẹ̀fọn pa ẹyin sí i. Ọmọdé rí omi, ó fẹ́ wẹ̀. Etí kòtò dà wálẹ̀ gbọnrangandan bí ògiri, amọ̀ rẹ̀ ń yọ̀, ẹni tó bá já sí i ò ní rí nǹkan dì mú.

Omi tí wọ́n fi fọ iyẹ̀pẹ̀, inú odò ló ń padà sí. Ní Gánà lọ́dún 2024, ilé-iṣẹ́ omi ìjọba kéde pé ẹrẹ̀ àwọn awakùsà ti mú kí odò Pra rú débi pé omi tí àwọn lè sẹ́ fún àwọn ará Cape Coast ti dín kù gan-an. Ẹrẹ̀ ṣì ṣeé fojú rí o. Mẹ́kúrì, irin olómi olóró tí wọ́n fi ń ṣu wúrà jọ, kò ṣeé fojú rí nínú afẹ́fẹ́ àti omi: èéfín rẹ̀ á wọ imú ẹni tó dáná sí i, ìyókù á wọ odò, ẹja á jẹ ẹ́, ènìyàn á jẹ ẹja.

Zamfara ò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́dún 2010, òjé, irin tó jẹ́ májèlé, wà nínú òkúta tí wúrà wà. Wọ́n gbé òkúta náà wálé, wọ́n fi ẹ̀rọ ìlọkà lọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ sì bà sí àgbàlá tí àwọn ọmọ ń rá kiri. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 400. Ọmọ tí wọ́n tọ́jú, tó bá padà sórí eruku kan náà, májèlé yẹn náà ni yóò tún jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti hú ilẹ̀ àgbàlá kúrò kí ìtọ́jú tó lè ṣiṣẹ́. Ní abúlé Bagega, ó di ọdún 2013 kí wọ́n tó ṣe ìfọ̀mọ́ náà.

Mi ò di gbogbo ẹ̀bi ru ẹni tó gbé ṣọ́bìrì. Oúnjẹ òòjọ́ ló ń wá. Níbi tí ìjọba kò bá ti là á sílẹ̀ pé oko nìyí, ilé nìyí, etí odò tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nìyí, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń pín ilẹ̀. Awakùsà tó gba ìwé àṣẹ, òfin lè ní kó wá dí kòtò rẹ̀. Èyí tí kò gbà ńkọ́? Ta lo máa pè?

Èrò tèmi ni pé ká wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra wúrà náà. Àwọn kò pọ̀ bí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní ibùjókòó. Ọwọ́ wọn ni kí ìjọba ti máa gba owó dídí kòtò kí wúrà tó kúrò lọ́jà, kí wọ́n sì fi í bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn kòtò tó wà lẹ́bàá ilé-ìwé àti etí odò, kí òjò tó tún kún wọn.