Ẹjọ́ Opó Kì Í Ṣe Ti Àdúrà Nìkan

Ẹni tó bá wọ ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì ní Òkè-Baálẹ̀ tàbí Ayétòrò nílùú Òṣogbo yóò gbọ́ Sáàmù 35 dáadáa, pé kí Olúwa gbógun ti àwọn tó ń gbógun tini. Bí wọ́n bá ní kí kálukú gbé ìṣòro rẹ̀ sókè, kò ní ṣàìsí obìnrin kan tí yóò na ọ̀rá dúdú sókè. Ìwé ló wà nínú ọ̀rá náà: rìsíìtì ilẹ̀, pláànù ilé tí etí rẹ̀ ti ya, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí ikú ọkọ rẹ̀. Wọn yóò gbàdúrà lé e, gbogbo ìjọ yóò ṣe àmín. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, yóò padà sí yàrá kan tó háyà, àbúrò ọkọ rẹ̀ yóò sì máa gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé nínú ilé tí òun àti olóògbé jọ kọ́.

A kò bá àdúrà jà. Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọ Òṣogbo ni pé, nínú gbogbo àwọn tó ṣe àmín lé ọ̀rá yẹn, ṣé kò sí lọ́yà níbẹ̀ ni? Ṣé kò sí akọ̀wé kóòtù, tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Abéré, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà? Ta ló gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó jókòó, tó kà á?

Ìjọ tó ń wàásù pé Ọlọ́run ń gbèjà ẹni tí wọ́n ń ni lára kò gbọdọ̀ ká ọwọ́ gbera. Nínú orí kẹta Ẹ́kísódù, Ọlọ́run sọ fún Mósè pé òun ti rí ìyà tó ń jẹ àwọn ènìyàn òun ní Íjíbítì, òun ti gbọ́ igbe wọn, òun sì ti sọ̀kalẹ̀ wá gbà wọ́n. Kò pẹ́ sí i tó fi ní kí Mósè dìde, kó lọ bá Fáráò. Aísáyà náà kò fi mọ sórí pé kí àwọn ènìyàn káàánú opó. Ó ní kí wọ́n gba ẹjọ́ rẹ̀ rò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àwa Yorùbá. Àjàyí Crowther, tó ṣe aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Wọ́n tà á títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gba òun àti àwọn tó kù sílẹ̀ ní 1822, nítorí pé òfin ti wà láti 1807 tó ní kí òwò ẹrú dópin. Òfin yẹn kò já bọ́ láti ọ̀run. Àwọn onígbàgbọ́ wà lára àwọn tó fi bí ogún ọdún kó ẹ̀rí jọ, tí wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, tí wọ́n sì ń dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin léraléra kí ó tó jáde. Ó dá wa lójú pé wọ́n gbàdúrà pẹ̀lú.

Ìdáhùn tí opó máa ń gbà lọ́dọ̀ wa ni pé kó fi í fún Ọlọ́run jà. Wọn á ka Róòmù orí kejìlá fún un, pé ti Olúwa ni ẹ̀san. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò ní òun fẹ́ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, ilé òun ló ń béèrè. Àwọn mìíràn á ní Pọ́ọ̀lù kọ̀ kí onígbàgbọ́ pe onígbàgbọ́ lẹ́jọ́. Kí wọ́n ka orí kẹfà Kọ́ríńtì Kìíní yẹn dópin: Pọ́ọ̀lù ń bi wọ́n bóyá kò sí ọlọ́gbọ́n kan ṣoṣo nínú ìjọ tó lè dá ẹjọ́ láàrin àwọn ará ni. Ìjọ ló ní kó dá a. Kò ní kí wọ́n bo ẹjọ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ rẹ́ òun fúnra rẹ̀ jẹ, ó ké gbàjarè sí Késárì.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà dùn wá ni pé àtòfin àtàṣà, kò sí èyí tó gbè sẹ́yìn afipá-gba-ilé. Tọkọtaya tó ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ìjọba ni wọ́n wà, òfin sì ka ìyàwó mọ́ àwọn tí ogún tọ́ sí. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ni, lóòótọ́ àṣà kì í ka ìyàwó mọ́ àwọn tó ń jogún ọkọ, ṣùgbọ́n ọmọ olóògbé ni àṣà fún ní ilé, kì í ṣe àbúrò. Ní 2014, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti ilẹ̀ Ìgbò, Kóòtù Tó Ga Jùlọ bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà tó ń lé opó kúrò nínú ohun ìní ọkọ rẹ̀ torí pé kò bí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ilé ìfowópamọ́ kò ní fi owó olóògbé sílẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ ogún láti kóòtù, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé kóòtù ló sábà máa ń mókè. Lásìkò tí opó ṣì wà nínú aṣọ ọ̀fọ̀, àbúrò ọkọ ti dé kóòtù.

Àbúrò ọkọ yẹn ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ ìjọ ni. Ó lè jẹ́ Bàbá Ìjọ pàápàá, tí wọ́n máa ń fi àga iwájú dá lọ́lá. Bí ọmọdébìnrin inú akọrin bá lóyún, kíá ni wọ́n á gba aṣọ akọrin lọ́rùn rẹ̀, wọ́n á ní kó lọ jókòó sẹ́yìn. Ẹni tó gba ilé ọmọ òrukàn ṣì ń gbé apẹ̀rẹ̀ ọrẹ. Èyí kò dára, a ò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Ìjọ tó bá mọ̀ nípa irú nǹkan báyìí gbọ́dọ̀ gba oyè lọ́wọ́ ẹni bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dá kọ́kọ́rọ́ ilé padà.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù náà ńkọ́? Láàrin 2015 sí 2018, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun ló gba ìdajì owó oṣù. A mọ ohun tó fojú ìdílé rí nígbà yẹn, orí pẹpẹ kò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tíṣà wà nílé ìwé tí ìjọ dá sílẹ̀ nílùú yìí tí owó oṣù wọn kò súnmọ́ 70,000 náírà tí òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti 2024 fi lélẹ̀, tí wọn kò sì rí i gbà lásìkò. Òfin yẹn yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Jákọ́bù kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: ó ní owó ọ̀yà tí wọn kò san ń ké, igbe náà sì ti dé etí Olúwa àwọn ọmọ ogun.

Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan tó ní lọ́yà, kó yan ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí lọ́yà náà yóò máa jókòó nínú gbọ̀ngàn, kí ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ gbé e wá. Ìjọ tí kò ní, kó para pọ̀ mọ́ èyí tó wà ládùúgbò, tàbí kó mú ẹlẹ́jọ́ lọ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran aláìlówó lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ òfin. Ìjọ Kátólíìkì ní ẹ̀ka tó ń mójú tó ìdájọ́ òdodo, ìdàgbàsókè àti àlàáfíà ní Òṣogbo, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè ní ohun tí à ń wí kọjá agbára ìjọ. Kí àgbà ìjọ méjì máa bá opó dé ìpàdé ẹbí, kó má dá jókòó láàrin wọn. Kí wọ́n má sì béèrè káàdì ìjọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú agbolé kan náà ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń gbé nílùú yìí, Òfin Mósè sì ka àlejò mọ́ opó àti ọmọ aláìní baba.

Kí ẹ̀ka CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì Nàìjíríà, ní Ọ̀ṣun gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí tábìlì ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí àwọn ìjọ tó ní ilé ìwé sì san gbèsè owó oṣù tíṣà wọn kí ìpàdé náà tó pé.