Ẹ Yé Sọ Fún Wọn Pé "Ṣáà Máa Kọ"

Inú bí mi láàárọ̀ yìí. Ọ̀dọ́ kan béèrè bí òun ṣe lè di akéwì, èsì tí wọ́n sì fi láìkì sí jù ni "ṣáà máa kọ ohun tó bá wá sí ọ lọ́kàn." Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ fún tó bá fẹ́ kọ́ ìlù gángan?

Ọmọṣẹ́ oníjàlá máa ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ kiri òde ni. Á kọ́kọ́ fetí sílẹ̀, lẹ́yìn náà á máa gba ohun tó gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá sọ, ó sì máa ń tó ọdún mélòó kan kó tó dá ìjálá sun níwájú èrò. Ẹni tó fẹ́ fi bírò ṣe é náà, etí ló máa kọ́kọ́ lò. Wá ìjálá tàbí rárà ìṣẹ́jú 5, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ibi tí ẹni tó ń sun ún bá ti mí ni kó o ti bọ́ sí ìlà tuntun. Tó o bá ti ṣe bíi 20, wàá rí i pé èémí ló ń gé ìlà. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ewì orí Facebook kò fi ṣeé ké: wọ́n kàn mú gbólóhùn kan, wọ́n gé e sí mẹ́rin.

Ohùn ló tún kù. Ẹ wo ìlà méjì yìí:

Bí o bá lówó, ra ọkọ̀;
bí o kò lówó, ra ọkọ́.

Ìlà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra délẹ̀. Ìkíní parí sísàlẹ̀, ìkejì gbé ohùn sókè, ibẹ̀ gan-an ni ewì wà. Yọ àmì kúrò, ó di "ra oko, ra oko." Fi àmì abẹ́ nìkan sílẹ̀, ọkọ ìyàwó lo ní kí wọ́n lọ rà. Ẹ wo "lówó" náà: sílébù méjì ni, "ní owó" jẹ́ mẹ́ta. Tí ìlà bá gùn ju èémí lọ, irú ibẹ̀ ni kó o ti kọ́kọ́ dín in kù.

Ẹ má sọ pé àmì ṣòroó tẹ̀. Kíbọọ̀dù Yorùbá wà nínú Gboard. Tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ títí àmì á fi yọ. Ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ni wàhálà wà. Kọ̀ǹpútà ka "ọ" sí lẹ́tà kan, ó ka "ó" sí lẹ́tà kan, àmọ́ kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó ń jẹ́ "ọ́". Ṣe ni wọ́n ń gbé àmì ohùn lé "ọ" lórí. Fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà) tí kò bá mọ̀ ọ́n gbé á jẹ́ kí àmì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí òfìfo. Ní kí atẹ̀wé lo fọ́ǹtì Charis SIL tàbí Noto Serif, fi PDF kún fáìlì tó o fi ránṣẹ́, kó o sì gba ojú ewé kan lórí bébà, kà á sókè, kó tó tẹ ẹ̀dà 500.

Owó ńkọ́? Dénrelé Ọbasá tó gbé ìwé ewì jáde ní 1927 ní ilé ìtẹ̀wé àti ìwé ìròyìn tirẹ̀ n'Ìbàdàn. Àwọn akéwì Lánrewájú Adépọ̀jù àti Túbọ̀sún Ọládàpọ̀, kálukú wọn dá iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò jókòó de ẹni tó máa wá ra ewì. Lónìí, ìtumọ̀ èdè, ìpolówó ọjà lórí rédíò àti òde ìnáwó ló ń gbọ́ bùkátà akéwì. Tí wọ́n bá ní kó o wá "kéwì díẹ̀" níbi ìgbéyàwó, gba ìdajì owó kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Béèrè oríkì orílẹ̀ ìdílé méjèèjì lọ́wọ́ àgbà ilé. Orúkọ ìlú nìkan kò tó. Ará ìlú kan náà lè má jọ ní orílẹ̀ kan. Tó o bá fi oríkì orílẹ̀ Oníkòyí ki ọmọ orílẹ̀ Ọ̀pómúléró, kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ sí òde mìíràn nínú ilé yẹn.

Síbẹ̀, ọkàn mi pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ àmì yìí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ni kò lè ka àmì, tí wọ́n bá tiẹ̀ ra ìwé náà. Àwọn kan ń fi ohùn ké ewì sórí WhatsApp, kò sì sẹ́ni tó ń ṣi ọkọ̀ gbọ́ sí ọkọ́. Bóyá máíkì ló yẹ kí ọ̀dọ́ yẹn kọ́kọ́ rà, kí ìwé tó tẹ̀ lé e. Ìwọ tó o béèrè, tó o bá rí èyí, ka ìlà méjì òkè yẹn sínú fóònù rẹ, kó o sì fetí sí i.