Ṣé iṣẹ́ ni wọn ò ní ni?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó bínú jù. Ọmọ àbúrò màmá mi kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù fi fóìsì nóòtì gígùn ránṣẹ́ sí mi lánàá, "Bọ̀dá mi, mo ti rí bísínẹ́ẹ̀sì tá a máa jọ ṣe l'Abuja o, a máa jèrè, èrè yẹn náà la máa fi ran àwọn tí ò nílé lọ́wọ́." Mo ní ó dáa, kí ni? Ó ní irú Big Issue.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọ̀hún ẹ mọ̀ ọ́n. Ìwé ìròyìn ni, ọdún 1991 ni John Bird (òun gan-an ti sun títì rí) àti Gordon Roddick dá a sílẹ̀, Body Shop, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìpara, ló tì wọ́n lẹ́yìn níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ò nílé á ra ìwé yẹn ní ìdajì owó, á lọ tà á lójú títì, èrè di tiẹ̀. Kò tọrọ, òwò ló ṣe. Mi ò ní ẹnu burúkú sí i, ó ń ṣiṣẹ́ fún wọn níbẹ̀.

Àmọ́ Abuja kẹ̀! Ta ló fẹ́ ra ìwé ìròyìn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger? Táskfọ́ọ̀sì á kó ìwé, wọ́n á kó ọmọ tó ń tà á, wọ́n á kó sílípáàsì ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ ọn. Ìlú tí mínísítà Wike ti kéde ní oṣù kẹwàá 2024 pé kíkó ni wọ́n á máa kó àwọn alágbe lójú títì, ta ló máa ráyè ṣàlàyé pé èmi ò ṣagbe o, òwò àánú ni mò ń ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ pé ṣebí ó ń gbìyànjú, mo ti gbọ́ yín.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n rò pé ẹni tí ò rílé sùn níbí, iṣẹ́ ni ò ní. Ẹ lọ sẹ́yìn páàkì Utako ní ìdájí, ẹ máa rí wọn tí wọ́n ń ká páálí tí wọ́n fi sùn. Lébìrà, alábàárù, ẹni tó ń fọ mọ́tò. Ọmọ kan tó ń ti bàrọ̀ ṣírò ẹ̀ fún mi: tọ́jà bá dáa ó ń rí bíi 2,500 lójúmọ́, yàrá kan tó rí ní Mararaba sì jẹ́ 300,000 lọ́dún, ìyẹn 25,000 lóṣù, ó ní tí wọ́n bá gbà á lóṣooṣù òun á san án. Lánlọ́ọ̀dù ò gbà, gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ ló fẹ́, ejẹ́ǹtì fẹ́ tiẹ̀, owó ágírímẹ́ǹtì tún wà ńlẹ̀. Níbo lẹni tó ń sun orí páálí fẹ́ tọ́jú 300,000 sí tí wọn ò ní jí i? Ìwọ tó o fẹ́ fi èrè òwò ṣàánú, san ọdún kan yẹn sílẹ̀, kó o wá jẹ́ kí wọ́n máa san án fún ẹ díẹ̀díẹ̀. Kò ṣe é ya fọ́tò bíi ti àpò ìrẹsì, mo mọ̀.

Mo wá fi màmá alámàlà wa ṣàpẹẹrẹ fún un, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹ̀yìn páàkì yẹn náà ló wà (àbúlà ẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ̀rọ̀). Ọmọ mẹ́ta ló ń bá a fọ abọ́, ọmọ Zamfara, ọmọ Benue, ọmọ Ṣakí, orí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n ń sùn. Èrè àmàlà ló fi ń bọ́ wọn, ó tún ń bá wọn dá àjọ, káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ́ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ewédú, epo ti rin ti ọmọ Zamfara. Kò sẹ́ni tó bá màmá yìí kọ pùròpósà kankan. Ibẹ̀ náà ni mo jókòó sí lálẹ́ àná tí mo fi ọwọ́ òsì tẹ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún wà nínú àmàlà, inú mi ń dùn sí ara mi.

Bí mo ṣe gbàgbé fóònù síbẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí mo fi padà dé, aago mẹ́wàá ti kọjá, màmá ti lọ sílé, àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn, níta. Mo kànkùn. Ọmọ Ṣakí ló dáhùn nínú lọ́hùn-ún, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ Mọ́mì ni kọ́kọ́rọ́ wà o." Ó ti fóònù mi gba abẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ti bá mi nù ún. Sílíńdà gáàsì méjì wà nínú ibẹ̀ o, mo mọ ibi tí wọ́n gbé e sí.

Mo bi màmá láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn tó kọ́kọ́ sùn síbẹ̀ kó ìkòkò mi lọ. Tó o bá níbi tí wọ́n á sùn tí wọn ò ní tì wọ́n mọ́, wá kó wọn." Ó fi pọ̀nmọ́ kan há mi. Mo ní bọ́ìsì kọ́tà ní Kubwa, jẹnẹrétọ̀ tó ti kú ló wà níbẹ̀. Mi ò sọ ìyẹn fún un.

Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ti fèsì, ó ní ìtàn màmá yẹn wú òun lórí gan-an, kí n fi fọ́tò ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ kóun fi tọrọ owó. Mo ti yà á kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Àgádágodo yẹn hàn níbẹ̀ kedere, mi ò wá mọ̀ bóyá kí n gé e kúrò.