Ta ló ní pípa ìtọ̀ mọ́ra ti mọ́ nọ́ọ̀sì lára?

Bí àwa nọ́ọ̀sì bá pàdé níbi ìnáwó, ì báà jẹ́ ní Bàrígà tàbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi fọ́nnu: "Èmi tí ẹ ń wò yìí, láti aago 8 alẹ́ títí mo fi gbé iṣẹ́ lé àwọn ti àárọ̀ lọ́wọ́, n kò yà sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ó ti mọ́ mi lára." Ẹni tó jókòó tì í a ní tòun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti di ìdíje. Àwọn tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì láàárín wa a máa mirí, wọn a ní ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run yóò san án fún yín.

Ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ ni pé àpò ìtọ̀ dà bí ẹsẹ̀ eléré ìje: bí a bá ṣe ń fìyà jẹ ẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa le sí i. Irọ́ ni. Irọ́ náà kò sì mọ sí ara nọ́ọ̀sì nìkan, nítorí bí a ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ ń kó bá aláìsàn pẹ̀lú. N óò dé ibẹ̀.

Kíndìnrín kì í gba ìsinmi. Láàárín ọ̀sán àti òru kan, bíi lítà 1 sí 2 ìtọ̀ ni kíndìnrín àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ń ṣe, tó ń ro ó sínú àpò ìtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti tó nǹkan bíi mílílítà 150 sí 200, ara àpò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í nà, á sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ìtọ̀ ti ń dé. Bó bá tó 400 sí 500, ó ti kún nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Ọpọlọ lágbára láti dá ìránṣẹ́ yẹn padà pé kó ṣe sùúrù. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi lè máa gbọ̀n ọ́ gidi gan-an ní aago 11, tí o kò sì ní rántí rẹ̀ mọ́ ní aago 12. Ibi tí a ti ń ṣi ara wa lọ́nà gan-an nìyẹn. Ìpè ló dákẹ́, ìtọ̀ kò lọ ibì kankan. Kíndìnrín ṣì ń ro ó síbẹ̀.

Tí èèyàn bá sọ ọ́ di ìṣe, tó jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà ni àpò náà ń nà kọjá ibi tó yẹ, iṣan ara rẹ̀ lè rẹ̀. Iṣan yìí ló yẹ kó súnkì kó fún gbogbo ìtọ̀ jáde. Nígbà tó bá ti rẹ̀, onítọ̀hún á tọ̀ tán, á dìde, ìyókù á ṣì wà nínú. Ìtọ̀ tó bá dúró pẹ́ báyìí ń fún kòkòrò àìsàn láyè. Èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò tó ń fa àìsàn ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni E. coli, tó jẹ́ pé inú ìfun wa ló ń gbé láìdá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ti ọkùnrin tó nǹkan bíi 20, nítorí náà kò jìnnà sí kòkòrò láti gun òkè lára obìnrin. Ìtọ̀ tí a ń tọ̀ déédéé ló ń ṣàn wọ́n dànù. Ẹ wá wo iṣẹ́ wa, obìnrin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dìde pé ṣebí àwọn dókítà fúnra wọn máa ń kọ́ èèyàn láti ní sùúrù fún ìtọ̀. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ló sì jọ pé ìgbàgbọ́ yìí ti rí ẹsẹ̀ dúró. Àwọn tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà, tí wọn kò lè jókòó parí ìsìn, ni wọ́n ń kọ́ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un, bíi ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan, títí onítọ̀hún yóò fi lè ṣe wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ibẹ̀ ni wọ́n ń dúró. Kò sí dókítà tó ń kọ wákàtí 12 fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn mìíràn ti wá ọgbọ́n sí i: wọn kì í mu omi rárá tí wọ́n bá ń lọ síṣẹ́. Nínú ooru Èkó yìí, níbi tí iná ti lè lọ kí fáànù sì dákẹ́ lórí wa! Ìtọ̀ á pọ́n bíi tíì, orí á máa fọ́ wọn, ọ̀nà fún òkúta inú kíndìnrín á sì ṣí sílẹ̀. Ìtọ̀ tó ki báyìí tún máa ń ta àpò ìtọ̀ lára, nítorí náà ẹni tó sá fún omi kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n ọ́n lè rí i pé ṣe ló tún ń gbọ̀n ọ́n jù. Kọfí tí a fi ń lé oorun ńkọ́? Òun náà ń mú ìtọ̀ wá.

Bí nọ́ọ̀sì bá wá kó àìsàn yìí, ẹ má rò pé yóò sọ. Tí obìnrin bá ní ó ń ta òun nígbà tí òun bá ń tọ̀, atọ̀sí ló máa kọ́kọ́ sọ sí àwọn ará ilé lọ́kàn, ìbéèrè sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, òun tó máa ń bá aláìsàn wí pé kó lọ ṣe àyẹ̀wò kó tó lo oògùn, á yà ní kẹ́míìsì nígbà tó bá ń lọ sílé, á ra kápúsù tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, á gbé e mì.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rín náà kì í sì í dénú, ni pé ìtọ̀ ẹlòmíràn ni iṣẹ́ mi. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹni tí wọ́n fi túùbù sí, n óò tan iná fóònù mi sí báàgì tó rọ̀ nísàlẹ̀, n óò ka ìlà tí ìtọ̀ dé, n óò kọ ọ́ sínú ṣáàtì pẹ̀lú aago. Tí ìtọ̀ àgbàlagbà kan bá ń kéré sí mílílítà 30 ní wákàtí kan, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́. Tí mo bá sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń rọbí, èmi náà ni mo máa ń tì wọ́n pé "Ìyá, ẹ dìde ẹ lọ tọ̀ o," nítorí àpò ìtọ̀ tó kún lè dí ọmọ lọ́nà. Ìwé tí a fi ń tẹ̀lé ìrọbí ní àyè tí a ń kọ ìtọ̀ ìyá sí. Ní gbogbo àkókò yẹn, tèmi ń kún lọ lábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù.

Kí ló wá ń dá nọ́ọ̀sì dúró? Iye ọwọ́ tó wà níṣẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì méjì lè wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù lóru. Bí ọ̀kan bá lọ gba ẹ̀jẹ̀ wá, ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Ní ilé ìwòsàn aládàáni kéékèèké, ọ̀kan náà lè má ní ẹnì kejì láti ọ̀sán. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ lè wà ní òpin ọ̀ọ̀dẹ̀ níbi tí o kò ti ní gbọ́ igbe aláìsàn. Omi lè má yọ. Kọ́kọ́rọ́ lè wà lọ́wọ́ ẹni tó ti wọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú. Èyí tó tún burú jù ni ìbéèrè tó ń dúró de gbogbo wa tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀: "Níbo lo wà?" Kò sẹ́ni tó fẹ́ dáhùn pé inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù ló ń pa ìtọ̀ mọ́ra fún wa. Ẹ má pè é ní agbára.

Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2025, tí wọ́n sì dá a dúró kí ọjọ́ náà tó pé, owó ṣíìfùtì àti owó yúnífọ́ọ̀mù làwọn aráàlú gbọ́ jù. Ṣùgbọ́n kí ìjọba gba nọ́ọ̀sì sí i wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ni oògùn ìtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìtàn tí a máa ń sọ. Ẹ fetí sí bó ṣe máa ń lọ. Mo hun èyí fúnra mi ni o, kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni: "Ẹ̀yin ará mi, lóru Sátidé, ìyàwó pásítọ̀ kan láti Ṣómólú ló bí ìbẹta lọ́wọ́ mi, ọkọ ń pariwo àdúrà, ẹ̀jẹ̀ kò dúró, ìyá ọkọ ń bú mi, ìtọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, n kò tọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́!" Ó di orí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọn á fi àwòrán àtẹ́wọ́ ránṣẹ́.

Tí o bá bá a wí, èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀: "Ṣebí n kò dárúkọ." Irọ́ kejì nìyí, òun àti ti àkọ́kọ́ ni wọ́n jọ ń rìn. Ìyàwó pásítọ̀ mélòó ló bí ìbẹta ní Ṣómólú lóru Sátidé yẹn? Èkó fẹ̀, àmọ́ àdúgbò kò fẹ̀. Ìyá ọkọ tó ń bú ọ lóru yẹn ló gba nọ́ńbà rẹ láàárọ̀ kó lè máa bi ọ́ nípa oògùn. Ó ti fi pamọ́ sórí fóònù, ó sì ń rí sítétọ́ọ̀sì rẹ bí gbogbo èèyàn.

Òfin kò fi mọ sí orúkọ. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2014, ní abala 26, sọ pé àṣírí ni gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ìlera aláìsàn, ìtọ́jú rẹ̀, títí kan wíwà rẹ̀ nílé ìwòsàn pàápàá. Ó ní ìgbà tí a lè sọ ọ́: tí onítọ̀hún bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, tí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ, tí òbí tàbí alágbàtọ́ bá béèrè fún ti ọmọdé, tàbí tí àìsọ ọ́ bá lè fi ìlera aráàlú sínú ewu ńlá. Ẹ̀rín ìparí ọ̀sẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn èyí tó gba ìṣọ́ra jù. Ìbúra Nightingale tí a gbọ́wọ́ sókè kà lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá wọlé sínú iṣẹ́ ti wà láti ọdún 1893. (Kì í ṣe Florence Nightingale ló kọ ọ́, Lystra Gretter àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní Detroit, Amẹ́ríkà, ni.) A búra níbẹ̀ láti pa ọ̀rọ̀ ara aláìsàn àti ọ̀rọ̀ ìdílé rẹ̀ mọ́. Ìdílé! Ìyá ọkọ tó ń bú ọ wà nínú rẹ̀.

Èmi kò ní kí nọ́ọ̀sì panu mọ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ tún ìtàn yẹn wò, kí ẹ wá bi mí pé ta ló jẹ̀bi nínú rẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ni, nítorí òun ni kò jẹ́ kí n tọ̀. Àwọn tó ṣètò pé kí nọ́ọ̀sì méjì dá ṣe iṣẹ́ òru kò sí nínú ìtàn náà rárá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò tún ẹ̀rọ omi ṣe. Aláìsàn di ọ̀daràn, nọ́ọ̀sì di akọni, àwọn ọ̀gá sùn dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi ní irọ́ méjèèjì jọ ń rìn: bí a bá ti gbà pé ara nọ́ọ̀sì le bí òkúta, kò sí ẹni tí a ó béèrè tọ́ílẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, aláìsàn nìkan ni yóò kù láti fi ṣàwàdà.

Ẹ yọ aláìsàn kúrò, ìtàn náà kò dín kù: nọ́ọ̀sì méjì, bẹ́ẹ̀dì tó kún dé ẹnu ọ̀nà, tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan tí omi kò yọ níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tó ti lọ sí Ìkòròdú. Èyí kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni tó wá gba ìtọ́jú. Ọ̀gá kan lè ní o ń tú àṣírí ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n aláìsàn ni abala 26 dáàbò bò, kì í ṣe ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́. Síbẹ̀ ẹ ka lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ dáadáa, nítorí ó lè ní òfin tirẹ̀ nípa ohun tí ẹ lè sọ níta, kí ẹ sì gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kó tó dé ojú ayé.

Títí di ìgbà tí wọn yóò fi gba èèyàn sí i, ẹ bá ẹnì kejì yín ṣe àdéhùn nígbà tí ẹ bá ń gba iṣẹ́: ìgbà tí ìwọ yóò lọ, ìgbà tí òun yóò lọ, kí ẹni tó kù dúró níbi tó ti lè rí gbogbo bẹ́ẹ̀dì. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Tí ibà, ẹ̀yìn ríro tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ bá yọjú, ẹ má yà ní kẹ́míìsì, àyẹ̀wò ni kí ẹ lọ ṣe. Tí òru bá sì lọ láìsí ẹni tó lè bá yín mójú tó wọ́ọ̀dù kí ẹ lọ tọ̀, ẹ kọ iye aláìsàn àti iye nọ́ọ̀sì tó wà níṣẹ́ sínú ìwé ìròyìn wọ́ọ̀dù, pẹ̀lú aago, kí ẹ tó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù.